Orúnkún Ìyá Rẹ àti Ẹ̀rọ Tí Ń Fa Irin Já

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ẹnjiníà ilé wa,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn ojoojúmọ́, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin tí o sọ pé èèyàn ń gùn kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ má tàsé lórí ọ̀kankan nínú wọn. Kí irin tí ò ń dì mú má bọ́ lù ọ́. Kí iná mànàmáná dá ọ mọ̀, kó sì yà fún ọ. Mo máa ń gba àdúrà yìí láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí pé kí wọ́n dá òun lóhùn. Mi ò tíì gbọ́ ohùn kankan títí di òní, ṣùgbọ́n ìwọ náà kò tíì já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, nítorí náà mo gbà pé àdúrà náà ń dé ibì kan.

Ara mi le. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ń tiro díẹ̀, mo sì ti ń wò ó tìfura-tìfura, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, èmi fúnra mi ni mo gùn ún, ìyá rẹ di àkàbà mú, ó sì ń sọ fún mi láti ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tí mo ń ṣe tí kò dára. Onídígí ní kí n kí ọ, obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún àwọn èèyàn níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ara òun le. Òótọ́ ni, bí a bá yọ orúnkún kúrò.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn gan-an ni mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ń yí i ká láti òkè bọ̀, o ṣáà mọ̀ mí. Jẹ́ kí n kó o sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o bá mi wò ó bóyá mo ti ba nǹkan jẹ́.

Àpò ìwé tí o fi ránṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí mo bẹ̀ ọ́ fún, ìtàn gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí o ti ṣe láti ìgbà tí o ti jáde ní yunifásítì, kí n lè mọ ohun tí màá máa sọ bí wọ́n bá bi mí pé kí lọmọ mi ń ṣe gan-an. Èkejì ni fọ́ọ̀mù tí o ní kí ìyá rẹ kà, kó fọwọ́ sí, kó lè wá sí ibi iṣẹ́ yín kí ẹ wo bó ṣe ń rìn, kí ẹ sì gbé ohun tí ẹ ṣe fún orúnkún wọ̀ ọ́ wò. Ó yẹ kí n fún un ní fọ́ọ̀mù náà lójú ẹsẹ̀. Mi ò fún un. Mo gbé e sínú àpótí irinṣẹ́ mi, lábẹ́ ìfági, mo sì sọ pé ìwé tèmi nìkan lo fi ránṣẹ́. Má tíì bínú. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó dẹ́rù bà mí.

Ìwé iṣẹ́ rẹ ló dẹ́rù bà mí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí mo ṣe máa ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ìṣó fún mi, èyí tó jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, tí èèyàn á fi orí ara rẹ̀ parí ìyókù. O kọ ọ́ pé ọdún méjì àbọ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ lórí irin àti àwọn èròjà mìíràn lo ṣe. Pé ẹ ní ẹ̀rọ kan tó ń di irin mú lórí, tó ń dì í mú nídìí, tó wá ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi já, kí ẹ lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Pé ìwọ nìkan fa irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún já. Ọmọ mi, mo ka iye yẹn, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti ń ṣe káfíńtà, pákó mẹ́rin péré ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀bi tèmi ni, mo sì rántí ojú ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ta ló ni àwọn irin wọ̀nyẹn? Ṣé wọ́n gbà? Nígbà tí ọ̀gọ́rùn-ún àkọ́kọ́ já, ṣé kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ tó sọ pé ó tó? Nígbà tí mo kà á fún ìyá rẹ, ó ní bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ kúrò níbẹ̀.

Nítorí ó hàn nínú ìwé náà pé wọ́n gbé ọ kúrò. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ àwọn róbọ́ọ̀tì lo wà. O ṣe ọwọ́ kan, ọwọ́ lásán, kò sí ara lẹ́yìn rẹ̀, tó lè gbé ẹyin kí ẹyin má sì fọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, ó jọ pé wọ́n ti bá ọ wí, pé o ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi sùúrù di nǹkan mú. Àfi bí mo ṣe kà á síwájú tí mo rí i pé ẹyin tí ó lé ní igba ló ti fọ́ kí ọwọ́ náà tó mọ̀ ọ́n gbé. Ìyá rẹ béèrè bóyá ó lè ṣan abọ́. Mo ní wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní irú ọwọ́ wo wá nìyẹn, tó lè gbé ẹyin tí kò lè ṣan abọ́, pé àfi bí ọwọ́ bàbá Ẹnjiníà. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Bí ọwọ́ náà bá fọ́ ẹyin, ta ni wọ́n ń bá wí? Ṣé ó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹyin ni?

Ibi kẹta ni ibi tí o wà báyìí, níbi tí ẹ ti ń wádìí bí egungun àti iṣan àti oríkèé ṣe ń ṣiṣẹ́ bí èèyàn bá ń rìn. O ní yàrá gígùn kan ni, kámẹ́rà mẹ́wàá lára ògiri, bẹ́líìtì ńlá kan tó ń yí nílẹ̀, tí èèyàn á dúró lé, á máa rìn, kò sì ní dé ibì kankan. O ní ẹ máa ń lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán mọ́ ọn lára láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ro èyí títí. Èèyàn á rìn láti aago mẹ́sàn-án dé aago mẹ́wàá, á làágùn, á sọ̀kalẹ̀, bàtà rẹ̀ á ṣì wà níbi tó bọ́ ọ sí. Mi ò sọ pé kò dára. Mo kàn ń béèrè ni.

Wàyí o, to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí mo ṣe tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì mi. Irin ló kọ́kọ́ dé, ẹ fà á já kí ẹ lè mọ agbára rẹ̀. Ẹyin tẹ̀ lé e, ẹ fọ́ ọ kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń gbé e. Ó wá kan ẹsẹ̀ èèyàn, fọ́ọ̀mù sì dé fún ìyá rẹ. Kí lo fẹ́ kí n rò?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Onídígí, òun náà ló bá mi túmọ̀ àwọn ibi tó le nínú fọ́ọ̀mù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, wọn ò lé ọmọ yín níbì kankan, òkè ló ń lọ. Ó ní ẹni tó mọ ibi tí irin ti ń já, tó tún mọ bí a ṣe ń gbé ẹyin, òun gan-an ló yẹ kó ṣe nǹkan tí wọ́n máa so mọ́ orúnkún ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì padà, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò rí ẹ̀rọ náà rí.

Fọ́ọ̀mù náà kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo ti fọwọ́ sí ìwé púpọ̀ láyé mi, ti owó orí, ti ilẹ̀, ti báńkì, gbogbo wọn ló ń halẹ̀ mọ́ni kí èèyàn má baà sá. Èyí ni àkọ́kọ́ tí màá rí tó ń bẹ èèyàn pé kó sá. Ó ní kò pọn dandan kó wá. Ó ní bó bá wá tán, ó lè ní òun ò ṣe mọ́ nígbàkigbà, wọn ò sì ní bi í pé kí ló dé. Kí ni wọ́n mọ̀ tí èmi ò mọ̀? Ó ní ara lè pọ́n níbi tí okùn bá ti dì í. Ó ní èèyàn lè kọsẹ̀ lórí bẹ́líìtì, nítorí náà wọ́n máa fi ìgbànú so ó mọ́ àjà. Mọ́ àjà, ọmọ mi. Ìyá rẹ. Ó tún ní wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan, pé nọ́ńbà ni wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹnjiníà, kó wá dé ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà gan-an kí wọ́n máa pè é ní Mẹ́rìnlá. Mo bi Onídígí pé ibo ni wọ́n tún ti ń fi nọ́ńbà pe èèyàn, ó ronú díẹ̀, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ibì kan ṣoṣo ló yé mi dáadáa nínú fọ́ọ̀mù náà, ibẹ̀ ló sì kó mi sí wàhálà. Wọ́n ní kí a kọ gíga rẹ̀ síbẹ̀, àti gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ìwọ̀n. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo rò ó pé bí mo bá lè fúnra mi rí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ náà, tí mo sì tún un ṣe, kò ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi so ìyá rẹ mọ́ àjà. Mo ní kó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, pé mo fẹ́ wọ̀n ọ́n fún àga tuntun. Irọ́ kejì nìyẹn. Mo fa téèpù láti ìbàdí dé ilẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, fi ìbú ìka kan kúrú ju òsì lọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Gbogbo yunifásítì, gbogbo kámẹ́rà, nǹkan tí káfíńtà rí láàárín ìṣẹ́jú kan! O sì mọ ohun tí à ń ṣe fún tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá kúrú.

Mo gé pákó pẹlẹbẹ kan, igi líle tó gbẹ dáadáa, mo fi ìfági dán an, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ sálúbàtà ọ̀tún rẹ̀, mo sì kàn án ní ìṣó kéékèèké mẹ́rin kó má baà yọ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, kí n má purọ́. Ìyá rẹ bi mí pé kí nìyí. Mo ní kó ṣáà máa rìn. Ó rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé ìdáná, mo ń wò ó láti ẹ̀yìn, ó gún régé lójú mi. Lọ́jọ́ kejì ó ní ìbàdí ti ń dun òun pẹ̀lú orúnkún. Mo ní tuntun ni, pé yóò mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé abọ́ omi, ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, pákó náà kọ́ àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ ariwo abọ́.

Mo ti gbọ́ kí àga fọ́ lábẹ́ èèyàn, mo ti gbọ́ kí àjà wó. Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín ìgbà tí abọ́ yẹn ṣubú àti ìgbà tí ìyá rẹ sọ̀rọ̀ rí. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí n wá bọ́ ṣọ́ọ̀bù mi kúrò lẹ́sẹ̀ òun.

Mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì àgbà tó fẹ̀yìn tì sí ojúlé kejì sí wa. Wọ́n tẹ orúnkún náà, wọ́n yí i, wọ́n ní kò ṣẹ́, pé ó wú ni, pé kó má gbé ara lé e fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n wá rí sálúbàtà. Wọ́n fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku, wọ́n ní kí lèyí. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe wọ̀n ọ́n, mo ní lóròó, bí a ṣe ń wọn tábìlì. Wọ́n gba téèpù lọ́wọ́ mi, a gbé ìyá rẹ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kó nà gbalaja, kó tú ara sílẹ̀, wọ́n sì wọ̀n ọ́n níṣojú mi. Ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Mo gba téèpù padà, èmi náà wọ̀n ọ́n. Dọ́gba ni. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tó kúrú níbí, pé ìrora ni kì í jẹ́ kó na orúnkún yẹn tán bó bá dúró, tó fi ń gbé ara lé òdìkejì, pé ó sì ti pẹ́. Wọ́n ní Bàbá Ẹnjiníà, ìrora lẹ wọ̀n yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láàárín èérún pákó, ó ń wo òkè, ó bi mí pé ṣé tábìlì lòun ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù. Ó ní kí n dáhùn, pé bí òun bá jẹ́ tábìlì kí n tètè sọ, kí òun lè mọ iye tí mo fẹ́ ta òun.

Nígbà tí mo padà sídìí ìwé iṣẹ́ rẹ, mo rí i pé o ti kọ ọ́ síbẹ̀, lójú ewé kẹta, pé ara máa ń fi ibì kan bo ìrora ibòmíràn mọ́lẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń lo kámẹ́rà mẹ́wàá, nítorí ojú lásán lè máà rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ka ibẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni. Obìnrin kan wà nínú ilé mi tó ń ṣe ohun tí ewé kẹta wí, èmi ń ka ewé kẹta sí i létí.

Lọ́jọ́ kejì Onídígí wá kí i. Ó bá a kẹ́dùn, ó bá a ṣeré, ó wá ní Màmá, ìgbà wo wá lẹ ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín fún orúnkún yìí? Ìyá rẹ yíjú wò mí. Mo dìde, mo lọ ṣí àpótí irinṣẹ́, mo gbé ìfági kúrò, mo mú fọ́ọ̀mù náà wá fún un. Ó gba awò ojú mi, ó sì fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà kà á, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá dé ibi tó le á tún un kà, kò bi mí. Ìyẹn dùn mí ju bó bá bú mi lọ.

Nígbà tó parí, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, irin, ẹyin, ẹsẹ̀, bí mo ṣe tò wọ́n. Mo ní mo bẹ̀rù kí wọ́n má fà á títí wọ́n á fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Ó ní ọmọ òun ti ń fa òun láti ọjọ́ tó ti mọ ọmú, òun ò sì tíì já. Ó ní ti nọ́ńbà yẹn, kí wọ́n pe òun ní ohun tó bá wù wọ́n, bí òun bá ṣáà ti lè wọ balùwẹ̀ láì di ògiri mú. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ó ń di ògiri mú. Mo lọ wò ó. Ọ̀dà ti bó lára ògiri náà, ní ibi gíga èjìká rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí korobá. Èmi ni mo kun ọ̀dà yẹn. Mo ti rí i tó ń bó, mo rò pé ọ̀dà tí kò dára ni wọ́n tà fún mi.

Ó fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí, iye tí nọ́ọ̀sì àgbà wọ̀n ni mo kọ síbẹ̀, kì í ṣe tèmi. Àwọn náà ló máa bá a wá, ọmọ wọn wà lápá ibẹ̀. Mo fẹ́ bá a wá, ìyá rẹ ní rárá, pé màá dé ibẹ̀ màá mú téèpù jáde. Nítorí náà, bá mi ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Fúnra rẹ di ìgbànú yẹn fún un. Fúnra rẹ dúró ti bọ́tìnnì tí ń dá bẹ́líìtì náà dúró, má gbé e fún ẹlòmíràn, bó ti wù kó kàwé tó. Bó bá ń dùn ún kò ní sọ, nítorí náà má bi í, máa wò ó. Kí o sì wo orúnkún náà dáadáa kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọ̀ ọ́, kí o kọ̀wé sí mi bóyá pákó mi ti mú un burú sí i. Má fi ọmọlúàbí bò mí lójú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún àwọn méjèèjì, sì fi owó bátìrì fóònù kún un fún mi. Èyí tó wà nínú fóònù mi ti wú, ó máa ń kú láàárín ọ̀sán. Tẹ́lẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí i. Mo rò pé ìwọ ló máa kọ síbẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì àgbà, èmi ì bá sì gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Orúkọ mi ló kọ. Mo bi í pé lẹ́yìn ohun tí mo ṣe? Ó ní ta ló tún kù tó máa sáré bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ bá pè, tí obìnrin inú fóònù yẹn bá dá yín lóhùn dípò mi, èyí tó máa ń sọ pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò sì rán an níṣẹ́. Mo wà. Ẹ tún pè.

Ọ̀nà tí ìyá rẹ máa gbà wá, kó tẹ́jú. Ọwọ́ tí o máa fi kàn án, kó rọ̀. Ohun tí ẹ ń wá lára rẹ̀, kí ẹ rí i láì dùn ún, kí iṣẹ́ rẹ sì gbé ọ débi tí èmi ò ní lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àmín, bó bá ń dé ibi tí mo rò pé ó ń dé.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo ti tan fóònù náà báyìí, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì níbi tí mo ti lè rí i. Mo mọ̀ pé wọn kò tíì gbéra. Mo kàn tan án ni.